Manifóòdù ìntéèkì Corolla mi ń fa afẹ́fẹ́ láàárọ̀: ṣé gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí n pààrọ̀ ni, tàbí odindi ẹ́ńjìnnì?

Olùkọ́ Ọbáńtokò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà awakọ̀ àti ẹ̀yin mẹkáníìkì tó wà níbí. Ọkọ̀ Toyota Corolla ọdún 2004 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ni 1ZZ-FE onílítà 1.8. Ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń gbé e kúrò ní Ọbáńtokò, tí mo ń gba Òṣíẹ̀lẹ̀ kọjá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní Òdèdá, kò sì yọ mí lẹ́nu rí títí ọyẹ́ ọdún yìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú.

Bí mo bá ṣáná sí i ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, abẹ́rẹ́ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì yóò gun òkè dé 1,300, yóò já wálẹ̀ sí 500, yóò sì tún gun òkè lọ, láìjẹ́ pé mo fi ẹsẹ̀ kan ohunkóhun. Gbogbo ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n débi pé tíì tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ jíà dà sí mi láṣọ ní ọjọ́ kan. Bí mo bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo máa ń gbọ́ ohùn kan tó ń ṣe fíìì bíi ti táyà tí ìṣó gún, ṣùgbọ́n n kò lè nàka sí ibi tí ó ti ń wá. Tí mo bá fi máa dé Òṣíẹ̀lẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ara rẹ̀ á ti balẹ̀ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Iná ẹ́ńjìnnì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan ni kì í kú. Ẹnì kan bá mi fi ẹ̀rọ sikáànù wò ó, nọ́ńbà tó sì gbé jáde ni P0171, èyí tí wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jó.

Mẹkáníìkì tí mo ń lò sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì manifóòdù ìntéèkì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ìsopọ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ló ń jò, mo sì gbà á gbọ́. Ó tú u ní oṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n kò ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun: gọ́ọ̀mù ló fi yí etí èyí tó wà níbẹ̀ ká, ó sì ki páìpù bọ ìdí sípánà kí ó lè fún un dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ọkọ̀ náà fi gbádùn, èyí tó sì padà wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní báyìí, ohun tó ń sọ fún mi ni pé ẹ́ńjìnnì náà ti gbó, pé kí n wá owó kí òun lọ bá mi ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀. Owó oṣù olùkọ́ kò lè gbé ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ dájú pé manifóòdù ló ń fa afẹ́fẹ́, àti pé, bí ó bá jẹ́ òun ni, bí ó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é, kí n lè dúró tì wọ́n, kí n sì mọ ohun tí mò ń wò.

Bàbá Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Olùkọ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì kankan. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbó a máa jẹ ọ́ìlì, a máa rú èéfín búlúù, agbára rẹ̀ a sì máa fà sẹ́yìn bí ẹ bá ń gun òkè, yálà ó tutù ni o tàbí ó gbóná. Ẹ kò sì dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn. Òótọ́ ni pé àwọn 1ZZ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórúkọ lẹ́nu àwa mẹkáníìkì pé wọ́n ń jẹ ọ́ìlì, nítorí náà kí ẹ máa yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ohun tó ń dààmú ní òtútù, tó sì ń fara balẹ̀ nínú ooru, pẹ̀lú ohùn fíìì, afẹ́fẹ́ tó ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Manifóòdù ìntéèkì ni ó ń pín afẹ́fẹ́ tó gba inú àsẹ́ wọlé fún sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, throttle, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí fún afẹ́fẹ́ bí ẹ bá tẹ irin, fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán, àwọn písítìnì sì ń fa, nítorí náà inú manifóòdù á gbẹ fún afẹ́fẹ́. Ìtẹ̀sí afẹ́fẹ́ tó yí wa ká jẹ́ nǹkan bí 101 kPa, ṣùgbọ́n ti inú manifóòdù ní àkókò náà kì í sábà ju 30 sí 40 lọ. Ibi yòówù tó bá là, ìbáà ṣe bí ẹnu abẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ òde á já wọ ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí kò kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́ tó wọlé, nítorí náà ọpọlọ ọkọ̀ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí àwọn mo-gbọ́-mo-yà bá gba ẹ̀yìnkùlé wọ ibi ìnáwó: iye àwọn tí ìyá olóúnjẹ kà ni ó dáná fún, ìrẹsì kò sì ní kárí. Kìlógíráàmù epo bẹntiróòlù kan nílò nǹkan bí kìlógíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 kí ó tó lè jó tán. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, iná inú sílíńdà á rọ, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, sẹ́ńsọ̀ ọ́ksíjìn tó wà lójú ẹ̀sọ́ọ̀sì á sì lọ fi ẹjọ́ sùn. P0171 tí ẹ rí yẹn, ẹjọ́ náà nìyẹn.

Ìdí tí ó fi jẹ́ àárọ̀ ọyẹ́ ni pé manifóòdù yín, ike ni wọ́n fi ṣe é, ojú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dè é mọ́ sì jẹ́ alumíníọ̀mù, òrùka rọ́bà, tí í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì náà, ni ó wà láàárín wọn. Ike àti alumíníọ̀mù kì í fẹ̀ bákan náà, wọn kì í sì í sún kì bákan náà. Rọ́bà tó ṣì rọ̀ á máa bá wọn lọ, á máa bá wọn bọ̀. Èyí tó ti fi ogún ọdún jẹ iná lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì á ti le, á ti pẹlẹbẹ, kò ní lè dí àyè mọ́ títí ooru yóò fi tún wú u.

Ẹ má ṣe gbà pé òun ni, síbẹ̀, títí ẹ ó fi dán an wò. Ní àárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ bu omi lásán sínú ìgò tí wọ́n fi ń fọ́n omi sí irun, ẹ ṣáná, kí ẹ sì fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sí ìsopọ̀ manifóòdù pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, láti orí sílíńdà kan bọ́ sí èkejì. Ẹ ṣọ́ra kí omi má dà sórí kọ́ìlì tàbí ọ́tánétọ̀. Ibi tí ó ń jò á fa omi náà mu, ohùn fíìì á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ìyípo ẹ́ńjìnnì á sì yí padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fi omi ọṣẹ wò ó tí wọ́n á sì máa retí ìfófòó bí àwọn fọganáísà ṣe ń ṣe sí táyà. Táyà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síta ni, manifóòdù ń fà á sínú, nítorí náà kò sí ìfófòó tí ẹ ó rí. Bí ohùn náà bá sì rú yín lójú, ẹ fi ẹnu họ́ọ̀sì rọ́bà tó gùn tó apá kan sí etí, kí ẹ máa fi ẹnu kejì tọ ìsopọ̀ náà lọ.

Ẹ óò rí àwọn tó máa ń fọ́n kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ sí i, nítorí pé ó ń jó, ẹ́ńjìnnì á sì gbé ohùn sókè bí ó bá fà á. Ó ń fi ibi tó ń jò hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ti rí ibi tí ó ti gbiná lórí ẹ̀sọ́ọ̀sì gbígbóná, irun ojú ọmọṣẹ́ kan sì jó lọ. Omi tó fún yín.

Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan bóòtù, ẹ rí i pé wọ́n wo àwọn ọ̀nà mìíràn tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé. Rọ́bà tó ká bí ìfun, tó wà láàárín àsẹ́ afẹ́fẹ́ àti throttle, a máa sán ní abẹ́ níbi tí ojú kò tó. Họ́ọ̀sì PCV, ìyẹn èyí tó ń gbé èéfín ọ́ìlì láti orí ẹ́ńjìnnì wá sínú manifóòdù, a máa le, a sì máa là ní ìgunpá rẹ̀. Họ́ọ̀sì búréèkì náà ń bẹ níbẹ̀. Bí òun bá jò, búréèkì á le lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ fi pulaya tí ẹ fi aṣọ wé lẹ́nu fún wọn pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ẹ bá fún tí ara ọkọ̀ balẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ má bínú o, Bàbá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbèjà gọ́ọ̀mù díẹ̀. Nissan tí mo fi ń kó adìrẹ láti Ìtòkú lọ sí Èkó jò ní manifóòdù, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, ó sì gbé mi lọ, ó gbé mi bọ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan kí n tó tà á. Gásíkẹ́ẹ̀tì ti ọkọ̀ náà ṣòro rí nígbà yẹn, ọjà mi sì wà nílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lo gọ́ọ̀mù ni oníjìbìtì. Ohun tí èmi rò ni pé ọ̀nà tí ó gbà fi í ni kò dára, bóyá kò jẹ́ kí ó gbẹ, tàbí kò nu ọ́ìlì kúrò kí ó tó fi í. Kí Olùkọ́ ní kí wọ́n tún un fi, kí ọkọ̀ náà sì sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó ṣáná sí i.

Onísikáànù Àsẹ̀rò

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, a kò gbọ́dọ̀ ṣàìmọ rírì yín. Ẹ̀gbọ́n Ìtòkú, ọkọ̀ yín tó fara da gọ́ọ̀mù, ó ṣeé ṣe kí manifóòdù rẹ̀ jẹ́ irin, kí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó rí bíi páálí, tí ojú méjèèjì rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ti Olùkọ́ yàtọ̀. Òrùka rọ́bà tirẹ̀ wọ inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún un lára ike náà, ó sì gbọ́dọ̀ jókòó sínú kòtò yẹn kí ó tó lè dí nǹkan. Bí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù kún kòtò náà, òrùka kò ní ráyè jókòó, á sì máa yọ̀ lórí gọ́ọ̀mù. Yàtọ̀ sí èyí, èéfín bẹntiróòlù a máa jẹ gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù títí yóò fi wú tí yóò sì ya, èyí tó bá sì ya, inú ẹ́ńjìnnì ni yóò fà á lọ. Gọ́ọ̀mù ní ibi tirẹ̀: Toyota fúnra wọn ló ń fi í di páànù ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yìí, níbi tí kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì rárá. Kò ní iṣẹ́ kankan lára rọ́bà manifóòdù.

Olùkọ́, P0171 nìkan kò tó láti dá manifóòdù lẹ́jọ́. Páńpù epo tí kò lágbára mọ́ lè mú un wá, bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tí eruku ọyẹ́ ti bò. Ẹ ní kí ẹni tó ni sikáànù jẹ́ kí ẹ rí ohun tí a ń pè ní fuel trim, ìyẹn iye epo tí ọpọlọ ọkọ̀ ń fi kún tàbí tí ó ń yọ kúrò nínú èyí tí wọ́n ti kọ fún un tẹ́lẹ̀. Oríṣi méjì ni, ti ojú ẹsẹ̀ àti ti ọjọ́ pípẹ́, ẹ ó sì ro méjèèjì pọ̀. Nínú ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá, àròpọ̀ wọn kì í jìnnà sí òdo, kò sì yẹ kí ó máa ju 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní apá ibì kan. Ẹ kà á nígbà tí ọkọ̀ dúró, kí ẹ wá tẹ irin títí ìyípo á fi dé 2,500, kí ẹ dì í mú níbẹ̀, kí ẹ sì tún un kà. Bí ó bá ga gan-an ní ìdúró, tí ó sì wálẹ̀ ní 2,500, ihò ni ó wà níbì kan: afẹ́fẹ́ tí ihò kékeré lè gbà wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ní ìdúró ó jẹ́ ìpín ńlá nínú ohun tí ẹ́ńjìnnì ń mí, ní 2,500 kò já mọ́ nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń tẹ irin ni ó ń ga sí i, ẹ fi manifóòdù sílẹ̀, ẹ wo páńpù, àsẹ́ epo àti sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́. Kí àwọn tó ń wa Honda tó ń kà wá ṣọ́ra o, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń wọn ìtẹ̀sí inú manifóòdù fúnra rẹ̀, ìyípo gíga ni ihò sábà máa ń fà fún wọn dípò P0171.

Bí ó bá wá jẹ́ òun lóòótọ́, bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí, kí ẹ sì dúró tì wọ́n. Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí wọ́n sì yọ orí bátìrì onínẹ́gétíìfù. Kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán gbogbo họ́ọ̀sì àti wáyà kí wọ́n tó yọ ọ̀kan. Họ́ọ̀sì omi rédíétọ̀ kékeré méjì wá sí ara throttle ọkọ̀ yín, omi díẹ̀ yóò sì dà, kí ẹ má bẹ̀rù. Bí ó bá di dandan kí wọ́n tú páìpù epo, kí wọ́n ti yọ fíúsì páńpù ṣáájú, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó kú fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó yọ orí bátìrì, nítorí pé epo inú páìpù yẹn kì í dà wọ́ọ́rọ́wọ́, ń ṣe ni ó máa ń fọ́n jáde. Bóòtù ti ìpẹ̀kun méjèèjì ni wọ́n ó kọ́kọ́ tú, wọn ó máa bọ̀ sí àárín. Bí manifóòdù bá ti kúrò, ihò mẹ́rin ni ẹ ó rí tó lọ tààrà sí ẹnu fáàfù. Kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ dí i lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì ka iye aṣọ tí wọ́n fi sí i, torí nọ́ọ̀tì kan tó bá já síbẹ̀ ló máa wá sọ yín di ẹni tó ń ra ẹ́ńjìnnì ní Ládípọ̀ ní tòótọ́.

Ibi tí ẹ ó ti mọ ẹni tó mọṣẹ́ ni ibi ìfọjú. Bí ẹni náà bá mú sáńdípépà jáde, ẹ dì í lọ́wọ́ mú. Iyanrìn orí sáńdípépà a máa bọ́ sínú ihò, a máa bá ọ́ìlì rìn, a sì máa há ojú bíárìn, ọkọ̀ náà kò sì ní sọ fún yín títí ọ̀pọ̀ oṣù yóò fi kọjá. Ike tó mú létí díẹ̀ ni kí wọ́n fi họ gọ́ọ̀mù àtijọ́, kí wọ́n sì fi aṣọ tó ní kẹ́míkà ìfọ-irin nínú nù ún. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n da ojú manifóòdù dé orí gíláàsì tó tẹ́jú, irú èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń gé gíláàsì fèrèsé, kí ẹ sì fi ewé bébà tí a fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì gbìyànjú láti wọ abẹ́ rẹ̀. Bébà yẹn nípọn tó bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí ẹyọ kan kò bá wọlé, ó tẹ́jú. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá wọlé wọ́ọ́rọ́, ike náà ti tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní gbà á. Manifóòdù mìíràn ni kí ẹ wá, tòkunbọ̀ kò burú níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti fi bébà wo òun náà, ṣùgbọ́n kí gásíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ tuntun láti inú ọ̀rá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń dè é padà, àárín ni wọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀, wọn ó máa lọ sí ìpẹ̀kun, ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sípánà tó ń ka agbára, ní iye tí ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà sọ. Bóòtù kékeré ni wọ́n, sípánà 12 ló ń tú wọn. Páìpù tí ẹni yẹn ki bọ ìdí sípánà ni ọ̀rọ̀ tó bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ, nítorí pé alumíníọ̀mù ni ẹnu ihò tí bóòtù wọ̀nyẹn wọ̀.

Olùkọ́ Ọbáńtokò

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti gbọ́ràn, mo sì fẹ́ jábọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni tó ni sikáànù wá bá mi nílé kí n tó ṣáná. Ní ìdúró, ti ojú ẹsẹ̀ jẹ́ 11, ti ọjọ́ pípẹ́ jẹ́ 19, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 30. Ní 2,500, gbogbo rẹ̀ já wálẹ̀ sí 7. Mo fi ìgò ìfọ́nrun ọmọbìnrin mi fọ́n omi bí Bàbá ṣe wí: orí sílíńdà kìn-ín-ní àti èkejì, kò sí nǹkan kan, nígbà tí mo dé àárín ìkẹta sí ìkẹrin, ohùn náà dákẹ́ pátá, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ tó ń sunkún, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè dá mi lójú.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn, mo sì gbé àpótí jókòó tì í. Nígbà tí manifóòdù kúrò, òrùka rọ́bà ìkẹrin ti gan bíi pọ̀nmọ́ gbígbẹ, kò sì sí nínú kòtò rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí gọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Okùn gọ́ọ̀mù kan tó gùn tó ìka ìlábẹ̀ mi rọ̀ sínú ihò náà, orí rẹ̀ kan ti já lọ. Ohun tó wá mú ẹnu mi gbẹ ni bóòtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ó jáde pẹ̀lú okùn alumíníọ̀mù tó lọ́ mọ́ ọn lára, tó ń dán bíi fàdákà. Ẹnu ihò náà ti jẹ. A fi bébà wo manifóòdù lórí gíláàsì, ẹyọ kan kò wọlé.

Mẹkáníìkì náà ní kí a lọ bá àwọn onílẹ́ẹ̀tì kí wọ́n fi òrùka onírin sínú ihò tó jẹ. Ṣé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́, àbí ẹ́ńjìnnì ló ń padà bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ yìí?

Bàbá Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Ó máa ń pẹ́ dáadáa. Òrùka yẹn, wáyà irin tí wọ́n ká ni, wọn á gbẹ́ ihò náà fẹ̀ díẹ̀, wọn á gé ojú tuntun fún un, wọn á sì yí wáyà náà wọlé. Irin ni bóòtù yóò máa di mú láti ìgbà náà lọ, kì í ṣe alumíníọ̀mù mọ́, ó sì sábà máa ń lágbára ju ti àtètèkọ́ṣe lọ. Ohun tí ẹ ó sọ fún wọn ni pé kí wọ́n ṣe é lórí ọkọ̀ níbẹ̀, láìtú orí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi gírísì pa ẹnu ọ̀pá ìlu kí èyí tó bá gé lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí aṣọ sì wà nínú gbogbo ihò afẹ́fẹ́. Kí ó lu ihò náà ní òòró gangan. Bí ó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bóòtù kò ní jókòó, ẹ ó sì tún padà sí ibi tí ẹ ti kúrò.

Ní ti gọ́ọ̀mù tó já lọ, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ó rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnnì ti jó o, kí ó sì ti gba ẹ̀sọ́ọ̀sì jáde. Ẹ ní kí wọ́n fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu fáàfù ìkẹrin dáadáa kí wọ́n tó dè é.

Ọmọ Ìtòkú

Mo ti rí i. Mo gba ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí gọ́ọ̀mù padà, Olùkọ́.

Olùkọ́ Ọbáńtokò

Wọ́n ti parí rẹ̀. Onílẹ́ẹ̀tì wá bá wa níbi tí ọkọ̀ wà, kò sì lò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Ẹnu fáàfù mọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun wọ inú kòtò rẹ̀ pẹ́kí, mẹkáníìkì sì fi sípánà tó ń ka agbára dè é láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Aṣọ mẹ́rin ló wọlé, mẹ́rin ni mo kà jáde. A fi omi kún rédíétọ̀, wọ́n pa nọ́ńbà inú sikáànù rẹ́. Gbogbo owó tí mo ná, pẹ̀lú ti onílẹ́ẹ̀tì, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí wọ́n pe tòkunbọ̀ ẹ́ńjìnnì fún mi.

Ọjọ́ kẹfà nìyí tí mo ti ń wà á. Láàárọ̀ òní, nínú ọyẹ́ tó mú débi pé ètè mi là, ìyípo rẹ̀ kọ́kọ́ ga díẹ̀ nítorí òtútù, ó wá rọra wálẹ̀ sí 700, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Àròpọ̀ fuel trim jẹ́ 3 ní ìdúró, ó jẹ́ 2 ní 2,500. Iná ẹ́ńjìnnì kò tíì tàn padà. Nígbà tí a sì wà nídìí rẹ̀, a rí i pé họ́ọ̀sì PCV ti ń le ní ìgunpá rẹ̀ bí Bàbá ṣe wí, kò tíì là; mo ti ra òmíràn, ọjọ́ Sátidé ni a ó pààrọ̀ rẹ̀.